Dick Tiger, Azumah, Bassey, Joshua: Ta Lọ̀gá Nínú Wọn Gan-an?

Díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ dìjà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Adégbayì, lójú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, nírọ̀lẹ́ Sátidé kan báyìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ ni. Ọmọkùnrin tó ń bá wọn gẹrun níbẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Ó lẹ fọ́tò Anthony Joshua mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí, ó wá ń fọ́nnu pé láti ọjọ́ táláyé ti dáyé, kò sí abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò kankan nílẹ̀ Áfíríkà tó tó ọmọ Ṣágámù yẹn. Ó ní ẹni tó bá sọ pé irọ́ ni, kó dárúkọ ẹlòmíì.

Bàbá kan wà lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń dúró kó kàn wọ́n. Bíríkìlà ni wọ́n nígbà tí agbára ṣì wà, wọ́n sì ti lé lọ́mọ 80 ọdún. Wọn ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ariwo ọmọ náà pọ̀ jù, wọ́n kàn bi í pé, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti gbọ́ orúkọ Dick Tiger rí?"

Ọmọ náà ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe orúkọ ọtí lẹ ń wí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi Bàbá nìkan. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. "Ìbàdàn níbí ni ọkùnrin tí mò ń wí yìí ti lu Òyìnbó Amẹ́ríkà kan débi pé Òyìnbó náà ò tún wọ ríǹgì mọ́ títí tó fi kú."

ỌJỌ́ TÁYÉ Ń WO ÌBÀDÀN

Òótọ́ ni Bàbá sọ o. Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹjọ, ọdún 1963 lọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣẹlẹ̀, ọjọ́ Sátidé sì ni. Liberty Stadium, èyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1960, ni wọ́n ti jà á. Gene Fullmer lorúkọ Òyìnbó náà, ọmọ ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà ni, alágídí èèyàn tí kì í fẹ̀yìn rìn ni pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òun àti Tiger ti pàdé tẹ́lẹ̀. Nínú oṣù kẹwàá ọdún 1962, Tiger gba ìgbànú àgbáyé lọ́wọ́ ẹ̀ ní San Francisco. Nínú oṣù kejì ọdún 1963, wọ́n tún jà ní Las Vegas, wọ́n sì ta ọ̀mì. Ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n gbé e wá sí Ìbàdàn.

Títí di ọjọ́ yẹn, kò sí ìlú aláwọ̀ dúdú kankan nílẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ti jà fún ìgbànú ọ̀gá àgbáyé rí. Ìbàdàn ló kọ́kọ́ ṣe é. Ọdún 11 lẹ́yìn ìyẹn ni Muhammad Ali tó lọ lu George Foreman bolẹ̀ ní Kinshasa, lọ́jọ́ 30, oṣù kẹwàá, ọdún 1974, èyí tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀ títí dòní.

Bàbá ò rówó wọlé lọ́jọ́ náà ní tiwọn. Iṣẹ́ bíríkìlà ni wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà náà ní Òkè-Àdó, ẹ̀yìn ògiri pápá ni wọ́n dúró sí pẹ̀lú àwọn ọmọ-iṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ní ariwo làwọn fi ń mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú. Bí èrò bá hó yèè, wọ́n á mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ́ Tiger ti bà á. Bí gbogbo ilé bá dákẹ́ wẹ́lo, ọkàn wọn á máa lù kì kì. Nígbà tí ráùndì keje parí, ariwo tó sọ lọ́tẹ̀ yìí ò dáwọ́ dúró mọ́, nítorí pé àwọn tó wà lẹ́yìn Fullmer ti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. "A gbé ara wa sókè láìmọ ohun tójú wa ò rí," Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó tún wá jẹ́ kàyéfì níbẹ̀ ni pé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí ìjọba rẹ̀ kọ́ pápá yẹn ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹjọ́ ọ̀tẹ̀ ni wọ́n ń bá a ṣe lọ́wọ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún 10.

"TÍ WỌ́N BÁ PÀDÉ ŃKỌ́?"

Ọmọ onígbàjámọ̀ gbọ́ gbogbo ẹ̀, àmọ́ kò gbà. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Tí Tiger yín yìí àti Joshua bá jọ pàdé nínú ríǹgì ńkọ́?"

Bàbá ní, "Joshua á pa á ni. Ṣebí ó fi ohun tó lé ní 30 kílò wúwo jù ú lọ. Ìdí tí wọ́n ṣe ń wọn èèyàn kí wọ́n tó jà nìyẹn. Àbí wọ́n ń gbé àgbò ko ewúrẹ́ ni?"

Ibẹ̀ ni Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì dá sí i. Ó ní ìbéèrè ọmọ náà ló bàjẹ́, kì í ṣe ìdáhùn. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó wúwo lókìkí máa ń bá jù, nítorí pé ojú ará ayé fẹ́ràn òmìrán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ mọ ọ̀gá tòótọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ti ìwọ̀n kúrò, kí wọ́n wá bi ara wọn pé ká ní kílò kan náà ni gbogbo wọn, ta ni ì bá borí? Torí Sugar Ray Robinson làwọn oníwèé ìròyìn Amẹ́ríkà ṣe sọ irú ìdíwọ̀n yìí di ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, nítorí ọkùnrin náà gba ìgbànú welterweight lọ́dún 1946, ó tún wá di ọ̀gá àgbáyé nínú àwọn middleweight nígbà márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Henry Armstrong tiẹ̀ ti ṣáájú ẹ̀, ìgbànú mẹ́ta láti ìsọ̀rí mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dún 1938.

Tíṣà wá gbé òfin mẹ́ta kalẹ̀. Àkọ́kọ́: ta lẹni náà lù? Ìkejì: ó pẹ́ tó lórí àga? Ìkẹta: nígbà tó ṣubú, ṣé ó dìde?

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta páàtì ọkọ̀, tó ti ṣòwò ní Accra rí, ò jẹ́ kó gbẹ́nu sọlẹ̀ tó fi pariwo pé bó bá jẹ́ òfin nìyẹn, Azumah Nelson ló jẹ ẹ́, kí wọ́n yéé fi àkókò ṣòfò. Wọ́n bá kó gbogbo wọn sórí òṣùwọ̀n.

BÍ WỌ́N ṢE TÒ WỌ́N NÌYÍ

Ipò karùn-ún: Battling Siki, ọmọ Saint-Louis ní Senegal. Òun lọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá àgbáyé. Lọ́dún 1922, ní Paris, ó lu Georges Carpentier, àyànfẹ́ gbogbo ilẹ̀ Faransé, bolẹ̀ ní ráùndì kẹfà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ lórí àga rárá. Oṣù kẹta ọdún 1923 ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní Dublin, nígbà tó sì di òpin ọdún 1925, wọ́n yìnbọn pa á ní ìgboro New York.

Ipò kẹrin: Anthony Joshua. Ọmọ onígbàjámọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ẹ̀rọ ìgẹrun sílẹ̀ nígbà tó gbọ́. Wọ́n ní kó farabalẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé Joshua ò ṣe bẹbẹ. Ó gba góòlù ní Òlíńpíìkì London lọ́dún 2012, ó gba ìgbànú IBF lọ́dún 2016, nígbà tó sì di ọdún 2017, ó lu Wladimir Klitschko ní ráùndì kọkànlá lójú èrò tó tó 90,000 ní Wembley. Andy Ruiz gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ nínú oṣù kẹfà ọdún 2019, ó sì padà gbà á nínú oṣù kejìlá ọdún náà. Ìyẹn ni pé ó ṣubú, ó sì dìde. Àmọ́ Oleksandr Usyk lù ú lọ́dún 2021, ó tún lù ú lọ́dún 2022, Daniel Dubois sì tẹ́ ẹ nílẹ̀ gbalaja lọ́dún 2024. Tíṣà ní ìwọ̀n gbígbé kọ́, ìtàn ló gbé e síbẹ̀.

Ipò kẹta: Hogan Bassey, ọmọ Calabar. Òun ló lànà fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Nínú oṣù kẹfà ọdún 1957, ó lu Cherif Hamia ní Paris, ó sì di ọ̀gá àgbáyé nínú ìsọ̀rí featherweight, àwọn tí kì í ju kílò 57 lọ. Orílẹ̀-èdè yìí ò tíì gbòmìnira nígbà náà. Lọ́dún 1958, ó lu Willie Pep, ẹni táwọn àgbà ẹ̀ṣẹ́ kà mọ́ àwọn tó mọ ẹ̀ṣẹ́ yẹ̀ jù láyé. Davey Moore ló gba ìgbànú náà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún 1959. Kò sá fún iṣẹ́ náà, ó padà wálé wá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ títí tó fi kú lọ́dún 1998.

Ipò kejì: Azumah Nelson. Ọlọ́jà páàtì dìde dúró, ó ní òun ò gbà. Òun náà sì ní ẹ̀rí. Lọ́dún 1982, wọ́n ṣàdédé ké sí Azumah, ẹni tí Amẹ́ríkà ò mọ̀ rí, pé kó wá bá Salvador Sánchez jà ní New York. Ráùndì kẹẹ̀ẹ́dógún ni Sánchez tó ráyè ẹ̀. Ọdún 1984 ni Azumah lu Wilfredo Gómez ní Puerto Rico, nílé onílé, ó gba ìgbànú featherweight. Ó gòkè sí ìsọ̀rí kejì lọ́dún 1988, ó gba tibẹ̀ náà. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún 1994, ó padà gbà á lọ́dún 1995, ọdún 1997 ló tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá. Àwọn èèyàn ẹ̀ ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sì sẹ́ni tó bá wọn jiyàn.

Ipò kìíní: Dick Tiger, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Richard Ihetu, ọmọ Amaigbo nílẹ̀ Ìgbò. Kí ló fi ju Azumah lọ? Ohun tó gbé e ṣáájú ni pé ó lọ bá àwọn tó wúwo jù ú lọ. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Liverpool lọ́dún 1955, ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra ni wọ́n lù ú. Ẹlòmíì ì bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí Àbá. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Joey Giardello gba ìgbànú ẹ̀ lọ́dún 1963, ó lọ gbà á padà lọ́dún 1965. Emile Griffith tún gbà á lọ́dún 1966. Nígbà tí gbogbo ayé ń sọ pé ó ti darúgbó, tó ti pé ọmọ ọdún 37, ó gun òkè lọ sáàárín àwọn light heavyweight, àwọn tó ń gbé kílò 79, ó sì gba ìgbànú lọ́wọ́ José Torres ní New York nínú oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà. Èèyàn kúkúrú ni. Bob Foster tó ga bí ọ̀pẹ nìkan ló lù ú sùn rí, lọ́dún 1968.

"KÒ SẸ́NI TÓ BÈÈRÈ ÈDÈ TÓ Ń SỌ"

Ọmọ onígbàjámọ̀ ò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ó ní, "Kò wá sí Yorùbá kankan ńbẹ̀ yàtọ̀ sí Joshua, ẹ̀yin sì tì í sí ipò kẹrin. Ọmọ wa kẹ̀, ẹ̀ ń tà á!"

Tíṣà ní àwọn ọmọ Yorùbá wà. Ó dárúkọ Rafiu King, tó bá Sugar Ramos du ìgbànú àgbáyé ní Mexico nínú oṣù keje ọdún 1963 kan náà, tó jà ráùndì 15 pé kí wọ́n tó dá Ramos láre. Ó dárúkọ Nojim Maiyegun, ọmọ Èkó tó gba bàbà ní Òlíńpíìkì Tokyo lọ́dún 1964, èyí tó jẹ́ ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà nínú Òlíńpíìkì láéláé. Ojú ọkùnrin náà fọ́ nígbẹ̀yìn, Vienna lọ́hùn-ún ló kú sí lọ́dún 2024. Wọ́n bi àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù pé ta ló mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó lanu. Tíṣà ní ọmọ wa, ọmọ wa, a ò sì mọ orúkọ wọn.

Bàbá wá mi kanlẹ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí Tiger jà ní Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó bèèrè èdè tó ń sọ. Ọmọ wa ni gbogbo èrò ń pè é. Kò sì pé ọdún mẹ́rin tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Tiger lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn ẹ̀ ní Biafra. Lọ́dún 1969, ó kó oyè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi dá a lọ́lá padà fún wọn, nítorí pé wọ́n ń ran Nàìjíríà lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ tán, iṣẹ́ ṣíṣọ́ ilé ló ń ṣe ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé àrùn jẹjẹrẹ ti wọ ẹ̀dọ̀ ẹ̀. Ó wálé, ó sì kú sí Àbá nínú oṣù kejìlá ọdún 1971, lọ́mọ ọdún 42.

"A ò sunkún ẹ̀ ní Ìbàdàn," Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ogun ṣì gbóná lára wa. Èmi tí mo fò sókè lẹ́yìn ògiri, mo gbọ́ pé ó kú, mo kàn ní 'hẹn-ẹ́n', mo bá tèmi lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí."

Orúkọ Awólọ́wọ̀ ni pápá náà ń jẹ́ láti ọdún 2010, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gba iwájú ẹ̀ kọjá, tó bá ní ọmọ lẹ́yìn, ó yẹ kó sọ fún ọmọ náà pé níbí yìí, lọ́jọ́ kan, ìran mẹ́ta ló pariwo orúkọ ẹnì kan ṣoṣo.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Oníbàárà kan tó ti wà lórí àga látọjọ́ yìí ló sọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n gẹ apá kan orí ẹ̀ tí wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ nítorí àríyànjiyàn. Ó ní òun ti gbà o, Tiger ni kìíní, Azumah ni kejì, ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá wà ní ipò kẹrin ṣàánú òun, kó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wá bá òun parí orí yìí kí iná tó lọ.

Kò tíì pa ẹnu dé tí iná fi lọ.