Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Àgbàlagbà Ìlú lórí Eyín, Oúnjẹ àti Oògùn

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera,

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ ipò yín ni àwa àgbàlagbà ìlú yìí fi wá síwájú yín. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ni ọ̀pọ̀ nínú wa: olùkọ́, agbẹ̀bí, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ omi. Àgbẹ̀ àti oníṣòwò ni àwọn yòókù, àwọn tí kò gba owó ìfẹ̀yìntì rí láyé wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n san owó orí tí wọ́n sì bọ́ ìlú. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìdí nìyẹn tí a fi tọ̀ yín wá, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ wa, tí ẹ sì tún jẹ́ olórí wa.

Kí a tó sọ ẹ̀dùn ọkàn wa, ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́. Ọjọ́ àgbà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wa kì í ṣe nǹkan kékeré lójú wa. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wa lọ́jọ́ náà, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń fi ọ̀wọ̀ bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìyá àti bàbá tó bí wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ṣeun, ẹ kú inúure. Ohun tí a wá bẹ̀bẹ̀ fún kò sọ pé èyí tí ẹ ṣe kò dára. Ibì kan ló kù, ibi tó kù náà ló sì ń ba èyí tí ẹ ti ṣe jẹ́. Ẹnu wa ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ bí ó ṣe rí. Bí ẹnì kan nínú wa bá dé ilé ìwòsàn náà, wọ́n á wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, wọ́n á tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó wú, wọ́n á kọ oògùn fún un, ó di ọjọ́ mìíràn. Kò sí ẹni tó ń sọ pé, “Màmá, ẹ la ẹnu yín kí n wò ó.” Kò sí dókítà eyín níbẹ̀, a kò sì dá àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́bi, nítorí ẹnikẹ́ni kò rán wọn níṣẹ́ ẹnu. Ẹni tí eyín bá ń dùn, ìlú ńlá ni yóò wọ mọ́tò lọ, yíyọ ni wọ́n á sì yọ eyín náà fún un. Káàdì adójútòfò ìlera wa gba yíyọ eyín; kò gba fífi òmíràn sí ipò rẹ̀. Báyìí ni eyín ṣe ń tán lẹ́nu wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè ohun tí a óò wá máa fi jẹun.

Olùkọ́ kan wà láàárín wa, opó ni, ó ti lé ní ẹni ọdún 75. Àwọn tó kọ́ ní ìwé ti di ènìyàn pàtàkì. Gbogbo eyín tó fi ń lọ oúnjẹ ni wọ́n ti yọ tán. Ẹran kò ṣeé jẹ fún un mọ́, ẹ̀pà kò ṣeé jẹ, ẹ̀fọ́ tó bá ní igi nínú ń há a lọ́fun. Ó wá yí sí ohun tí a lè gbé mì: ògì láàárọ̀, búrẹ́dì tí a tì bọ tíì lọ́sàn-án, àmàlà díẹ̀ lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe é. Irú oúnjẹ yìí gan-an ló ń tètè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, nígbà tí ẹran, ẹja àti ẹ̀wà tó ń gbé ara ró ti dín kù lórí àwo rẹ̀. Nígbà tí ṣúgà ga, wọ́n fi oògùn kún oògùn. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n tọ́jú.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹran ìdí ìwọ̀nba eyín tó ṣẹ́ kù sí i lẹ́nu wú, kò lè jẹ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kó má pa oògùn rẹ̀ jẹ, ẹni tó ń gbọ́ràn sì ni. Ó lo glibenclamide, oògùn ṣúgà rẹ̀, ó sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òógùn ti bò ó, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Àwọn ará ilé ti ń pariwo pé ayé ló dojú kọ ọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìntì ládùúgbò, tó mọ̀ pé ṣúgà rẹ̀ ló lọ sílẹ̀, tó rí i pé ó ṣì lè gbé nǹkan mì, tó sì fún un ní omi ṣúgà. Oògùn náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ tó yẹ kó bá nínú ikùn ni kò sí níbẹ̀, eyín ni kò sì jẹ́ kó sí.

Ọlọ́lá jùlọ, kì í ṣe òun nìkan. Ọ̀pọ̀ oògùn tí a ń lò ló ń gbẹ itọ́ ẹnu: èyí tó ń mú wa tọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, amitriptyline tí wọ́n ń fún àwọn tí ẹsẹ̀ ń ta, Piriton tí a ń lò fún ara yíyún. Itọ́ ló sì ń fọ eyín, òun ló ń dáàbò bò ó látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nígbà tí ẹnu bá gbẹ, àwọn kan a máa la súìtì mẹ́ńtì kiri kí ọ̀fun lè tutù, súìtì náà a sì jẹ eyín tó kù. Nifedipine, àti amlodipine nígbà mìíràn, lè mú kí ẹran ìdí eyín wú bo eyín. Àìsàn ẹran ìdí eyín ń mú kí ṣúgà ṣòro láti kápá, ṣúgà tó ga náà sì ń mú àìsàn ọ̀hún le sí i. Obì tí a fi ń kí àlejò, rírin ni àwọn mìíràn nínú wa ń rin ín kí wọ́n tó lè fẹnu kàn án. Ojú ń tì wọ́n láti rẹ́rìn-ín láwùjọ.

Ọ̀rọ̀ ìrora tún wà níbẹ̀. Ẹni tí eyín ń dùn lóru kò lè dúró de ìlú ńlá. Kẹ́míìsì ni yóò lọ, wọn yóò di oògùn mélòó kan pọ̀ sínú ọ̀rá fún un, ibuprofen tàbí diclofenac á sì wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n lè dá egbò sínú ikùn àgbàlagbà, wọ́n sì lè pa kíndìnrín lára. Bó bá di ọjọ́ àgbà, ẹ̀jẹ̀ ti ga, wọ́n á fi oògùn mìíràn kún un. A kò lè sọ iye ẹni tí èyí ti ṣe rí, nítorí kò sí ẹni tó ń bi wá ní oògùn tí a rà níta.

Láti ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, tí iléeṣẹ́ oògùn GSK sì kéde pé òun ń fi Nàìjíríà sílẹ̀, ẹ̀yin náà mọ bí owó oògùn ṣe rí. Àwọn kan nínú wa ń dá oògùn kan sí méjì kó lè pẹ́.

A mọ̀ pé ohun tí a ń tọrọ kò ṣàjèjì sí òfin. Òfin adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lọ́dún 2022, ka àwa arúgbó mọ́ àwọn tí ó yẹ kí ìjọba ràn lọ́wọ́. Lọ́dún 2021, àpérò àjọ ìlera àgbáyé fẹnu kò pé kí a má ya ìtọ́jú ẹnu sọ́tọ̀ kúrò lára ìtọ́jú ara yòókù. Ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, láti 2012 ni ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ti wà. Ó ṣeé ṣe nílẹ̀ wa, ó kàn jìnnà sí wa ni.

Nítorí náà ni a fi ń fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín, kí ẹ jọ̀wọ́ rán onímọ̀ ìtọ́jú eyín wá sí ọjọ́ àgbà wa, kódà bó ṣe ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kó máa wo ẹnu wa, kó sì máa tọ́jú eyín kó tó di yíyọ. Kí eyín àtọwọ́dá wọ inú ohun tí káàdì wa gbà. Kí àwọn nọ́ọ̀sì gba àṣẹ láti máa bi wá ní ohun tí a lè jẹ, kí wọ́n sì máa kọ́ àwọn ọmọ wa pé gbẹ̀gìrì, mọ́ínmọ́ín, ẹyin àti ẹja tí a yọ eegun rẹ̀ kò fẹ́ eyín púpọ̀. Kí apòògùn kan sì máa tú àpò oògùn wa wò, títí kan àgbo, kó lè yọ èyí tí ń bá èkejì jà. Bí apá ìjọba kò bá ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jọ̀wọ́, ti onímọ̀ eyín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe.

A ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì kan ṣáájú, èsì kò tíì dé. A kò bínú, a mọ̀ pé ìwé pọ̀ lórí tábìlì. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì láàárín wa ti ṣèlérí láti máa to àwọn ènìyàn sórí ìlà lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì tọ́jú yàrá kan ní gbọ̀ngàn ìlú bí ti ilé ìwòsàn kò bá gbà wá.

Àdúrà wa ni pé kí ẹ dàgbà kí ẹ dògbó, kí eyín yín má kán. Ẹ dákun, ẹ rán ẹnì kan wá wo ẹnu wa ní ọjọ́ àgbà tó ń bọ̀.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn àgbàlagbà ìlú.