"Bẹ́ẹ̀ Ni" Yàtọ̀ sí "Òótọ́ Ni"

Inú ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì ni ọ̀rọ̀ tí a ó jọ gbé yẹ̀ wò lónìí ti wá, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ilẹ̀ kan ní Ìlá-Ọ̀ràngún ló kọ́kọ́ gbé e sí mi lọ́kàn.

Ọmọdé ni mí nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ẹlẹ́rìí fún ẹbí wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ẹjọ́ ń lò, nítorí náà ògbufọ̀ wà láàárín. Agbẹjọ́rò apá kejì bèèrè bóyá òótọ́ ni pé baba ńlá wa ló gbin pèrègún tó wà ní ààlà oko náà. Bàbá dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe sọ ọ́ fún mi."

Agbẹjọ́rò ní, "Bàbá, òótọ́ ni àbí irọ́ ni?"

Bàbá ní, "Ọmọ mi, n kò tíì dáyé nígbà náà. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe sọ ọ́."

Ògbufọ̀ yíjú sí adájọ́, ó sì túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí gbólóhùn kan péré: kò mọ̀. Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín, èmi náà kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, mo bá tíọ́rì kan pàdé tí àwọn Òyìnbó ń pè ní deflationism, bí ẹni ń yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú táyà. Àwọn onítíọ́rì yìí ní òtítọ́ kì í ṣe ohun ìjìnlẹ̀ kan tó fara sin. Ní ọdún 1927, Frank Ramsey, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Cambridge tí ó kú ní ẹni ọdún 26, ṣàlàyé pé ẹni tó bá ní òtítọ́ ni pé wọ́n pa Késárì kò sọ ju pé wọ́n pa Késárì lọ. Ẹ yọ "òtítọ́ ni pé" kúrò, kò sí ohun tó dín. Ní 1990, Paul Horwich kọ odidi ìwé láti gbe irú èrò yìí lẹ́sẹ̀. Àǹfààní kan tí wọ́n rí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ó ń jẹ́ kí a lè fọwọ́ sí ohun púpọ̀ tí a kò lè tún sọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí mo bá ní, "Gbogbo ohun tí ìyá mi sọ lánàá, òótọ́ ni."

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò nínú èdè tiwa. Mo lè sọ pé, "Gbogbo ohun tí ìyá mi sọ lánàá, bẹ́ẹ̀ ló rí." Òótọ́ kò sí níbẹ̀ rárá, iṣẹ́ náà sì di ṣíṣe. Bí "ó" ṣe ń rọ́pò orúkọ ni "bẹ́ẹ̀" ń rọ́pò odidi gbólóhùn. Ní 1975, Dorothy Grover, Joseph Camp àti Nuel Belnap gbé irú èrò yìí kalẹ̀ nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n làágùn kí wọ́n tó rí i níbẹ̀. Ọmọdé tiwa ń lò ó ní gbangba.

Kí wá ni iṣẹ́ òótọ́? Ibí ni èmi àti Ramsey ti pínyà. Ní 1986, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀, tẹ ìwé jáde lórí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wọn pẹ̀lú àwọn oníṣègùn Yorùbá. Àwọn àgbà náà ya ìmọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbàgbọ́. Ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀, òun ni a sì lè pè ní òótọ́. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni, títí a ó fi dán an wò. Ẹni tó bá ní "òótọ́ ni" ti ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ní "bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ ọ" sọ ọ̀rọ̀ kan náà láìṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo irọ́ náà. Bí mo bá sọ fún àgbàlagbà ní Ìlá pé, "Bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀," a lè jọ jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí a sì jọ mu ẹmu lẹ́yìn rẹ̀ (ẹmu Ìlá kì í ṣe kékeré). Bí mo bá ní, "Irọ́ ni," mo ti pe àgbà ní òpùrọ́, ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ló lè parí rẹ̀.

Kwasi Wiredu, ọmọ Gánà tó kú ní 2022, ti rí ohun tó jọ èyí nínú èdè Akan, nínú àròkọ kan tó wà nínú ìwé tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ̀ ní 1985. Ó ní nokware, tí ó tọpa rẹ̀ dé "ẹnu kan", ń sọ nípa ìwà olóòótọ́. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń lò fún "bẹ́ẹ̀ ló rí".

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ onífìlọ́sọ́fì ní mo ṣi ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ ni, pé "bẹ́ẹ̀" ni Ramsey ń wí, ó sì jàre. Mo gba ìdajì. Kó máa mú "bẹ́ẹ̀" lọ. Ṣùgbọ́n ẹrù méjì ni Gẹ̀ẹ́sì dì sínú àpò kan; Ramsey wọn ọ̀kan, ó sì kéde pé àpò ṣófo. N kò ní fi pamọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ wa náà ti ń sọ "òótọ́ ni" sí gbogbo ìròyìn tí wọ́n bá kà lórí fóònù.

Èyí tó dùn mí jù ni pé òfin pàápàá fàyè gba ohun tí Bàbá sọ. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí a lè gbà fi hàn pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni, ìtàn àtẹnudẹ́nu sì ni àkọ́kọ́. Bí ó bá kan ìtàn Ọ̀ràngún Ìlá àti Ọ̀ràngún Òkè-Ìlá, ta ló lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìsọ pé "a gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá wa"? Lójú Bàbá fúnra wọn, "kò mọ̀" kì í ṣe àṣìṣe, nítorí wọn kò fojú rí i. Lójú adájọ́, òpè ni ó sọ wọ́n dà.

Nínú ìdánwò tí mo ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo ti yọ "Òótọ́ tàbí Irọ́" kúrò. "Bẹ́ẹ̀ ni tàbí Bẹ́ẹ̀ kọ́" ni mo ń kọ. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan kọ "Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni" sí ìbéèrè kan. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fún un ní máàkì rẹ̀.