Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ta ló wá ń ṣọ́ ojú?

Nǹkan méjì bàjẹ́ lọ́sẹ̀ kan náà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń gé irin ní Barking, níbi tí àbúrò mi ti ń kọ́ṣẹ́. Èkíní ni bọ́ọ̀dù tó ń darí ẹ̀rọ CNC wọn. Èkejì ni ojú ọ̀tún àbúrò mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, wọ́n ti pe ẹni tó máa tún bọ́ọ̀dù ṣe. Ní ti ojú, wọ́n ní kó lọ fi omi ṣàn án.

Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, torí kì í ṣe àwọn nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ohun kan náà ló ba méjèèjì jẹ́: èérún irin, tí àwọn oníṣẹ́ irin níbí ń pè ní swarf, àti afẹ́fẹ́ compressor tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ kúrò lórí ẹ̀rọ.

Ẹni tí kò tíì dúró ti ẹ̀rọ lathe rí lè rò pé bí èérún búrẹ́dì ló rí. Rárá o. Èérún tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń gé irin a máa gbóná, a sì máa mú bí abẹ. Tí o bá wá fi afẹ́fẹ́ compressor lé e, irú èyí tí fọ́kánáísà fi ń fẹ́ táyà, kò parẹ́, ó kàn wá ibòmíràn lọ ni. Ó lè wọ ojú ẹni tó dúró lódìkejì. Ó sì lè gba ihò wáyà tàbí ẹnu fáànù wọ inú àpótí iná ẹ̀rọ, kó lọ jókòó sórí bọ́ọ̀dù. Irin ń gbé iná, aluminium náà ń gbé e dáadáa. Bí iná bá ti rí afárá níbi tí kò yẹ kó ti rí i, bọ́ọ̀dù jó nìyẹn. Nígbà mìíràn kì í jó lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ á kàn máa ṣe ségesège, á dúró lójijì láàárín iṣẹ́, gbogbo èèyàn á sì máa sọ pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ní àrùn.

Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, wọ́n ti ṣí ìlẹ̀kùn àpótí iná náà sílẹ̀ nítorí ooru. Fáànù tó ní asẹ́ tó mọ́ ni ooru ń fẹ́, kì í ṣe ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ níwájú ìbọn afẹ́fẹ́.

Ojú àbúrò mi ńkọ́? Dókítà fi abẹ́rẹ́ yọ èérún náà, ṣùgbọ́n irin ti fi ìpẹtà sílẹ̀ lára ẹyinjú, ó sì di dandan kó padà lọ kí wọ́n yọ ìyẹn náà. Ó ríran, a dúpẹ́. Àmọ́ ní gbogbo ayé rẹ̀, nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi MRI yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á bi í bóyá irin ti wọ ojú rẹ̀ rí, torí mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ yẹn lè mi èyí tó bá ṣẹ́kù. Ẹni ogún ọdún ni o.

Mo bi í pé ṣé kò rí i pé ewu ni. Ó ní òun rí i. Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàbá yẹn ju Dádì lọ. Ṣé èmi ni màá sọ fún wọn pé kí wọ́n pa afẹ́fẹ́?"

Ẹnu yà mí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà yé mi. Gbogbo àwa tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá ní Dagenham tàbí Chadwell Heath mọ ohun tó ń sọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ síbi iṣẹ́, ohun tí Mọ́mì sọ fún un ni pé, "Má ba ẹ̀rọ oní-ẹ̀rọ jẹ́ o." Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún un pé kó má ba ara rẹ̀ jẹ́. Èmi náà kò rántí.

Òfin ilẹ̀ yìí rántí. Òfin PUWER ti 1998, ní ìlà 12, dárúkọ ohun tó bá ń ta jáde láti ara ẹ̀rọ. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ kọ́kọ́ dí i níbi tó ti ń jáde, níwọ̀n bó bá ti ṣeé ṣe, kó tó di pé ó gbójú lé awò ojú tí òṣìṣẹ́ máa wọ̀. Bó bá sì kan awò ojú, òfin 1974 lórí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ lórí rẹ̀. Goggles kan ṣoṣo tó ti há, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pín lò láti inú dúrọ́ọ̀, kò tó.

Ìtàn kan wà tí àwọn tó ń kọ́ òfin mọ̀ dáadáa. Ní Stepney, tí kò jìnnà sí wa lórí District line, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paris ń tún ọkọ̀ ṣe ní gáréèjì ìjọba ìbílẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló ń ríran, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì mọ̀. Lọ́dún 1947, ó ń fi òòlù gbá bóòtù tó ti dípẹtà, èérún irin ta wọ ojú tó kù, ó sì fọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ní kì í ṣe àṣà láti fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní goggles. Ẹjọ́ náà dé House of Lords. Mẹ́ta nínú adájọ́ márùn-ún gbè é. Ẹ wò ó dáadáa: "àṣà wa nìyí" ni wọ́n fi ṣe àwíjàre. Ìyẹn náà ni wọ́n ń sọ nípa ìbọn afẹ́fẹ́ lónìí.

Mo mọ̀ pé owó kò pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò ní ìdábùú kankan sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì àti fákúùmù kò wọ́n tó bọ́ọ̀dù kan. Pátákó ike polycarbonate tí wọ́n dè síwájú ọ̀bẹ ẹ̀rọ á dí èérún mọ́ ojú, á sì dí i mọ́ àpótí iná. Kí wọ́n dí ihò tí wáyà ń gbà wọlé. Kí wọ́n pa iná kí wọ́n tó nu inú àpótí. Ẹ̀yin tó ń lo awò ìríran, kò rọ́pò goggles, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ má sì wọ ìbọ̀wọ́ nítòsí irin tó ń yí, ó lè fa ọwọ́ wọlé. Bí ohun kan bá ta sójú, ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ wá dókítà.

Àbúrò mi padà síṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó fi owó ara rẹ̀ rà, èyí tí kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó bá bàbá náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀dù tó jó kó tó kan ojú. Bàbá kò bínú. Àpótí goggles tuntun ti wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn báyìí, ìlẹ̀kùn àpótí iná sì ti padé. Ìbọn afẹ́fẹ́ ṣì rọ̀ sára ògiri. Mo ti ní kó tún béèrè.