Ènìyàn Ni Aṣọ Nílẹ̀ Òtútù

Bí a bá gbọ́ pé ọmọ ẹnìkan nínú ìjọ ti di sójà ní Amẹ́ríkà, a máa ń bá òbí rẹ̀ yọ̀, a sì máa ń dúpẹ́ níwájú pẹpẹ. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín léèrè: lẹ́yìn ọpẹ́ náà, ta ni nínú wa tó tún béèrè bí ìyàwó àti àwọn ọmọ sójà náà ṣe ń la ìgbà òtútù kọjá?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Láti ọdún 2009 títí di ọdún 2016, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní ètò kan tí wọ́n fi ń gba àwọn àjèjì tó gbọ́ àwọn èdè kan tí wọ́n nílò. Èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè náà, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn mìíràn wọ iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ìwé ìgbélùú. Ibi tí wọ́n bá sì rán sójà ni sójà ń lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n lè rán an lọ ni Fort Wainwright, bárékè ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Fairbanks ní Alaska, ní ìhà àríwá ayé.

Ẹ wo fíríìsà tí ẹ fi ń tọ́jú ẹja àti ẹran. Òtútù inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo. Ní Fairbanks, òtútù ìta lè dé ìwọ̀n 40 nísàlẹ̀ òdo. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, inú fíríìsà móoru ju ojúde lọ. Èéfín ọkọ̀ àti ti ilé á dì, á di kùrukùru lójú pópó. Nígbà tó bá di ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ títí di nǹkan bí aago 11 òwúrọ̀, kí aago 3 ọ̀sán sì tó lù, ó ti wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ gbogbo ọjọ́ náà kò pé wákàtí 4.

Ẹ wá fojú inú wo ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta níbẹ̀. Kó tó sùn lálẹ́, ó gbọ́dọ̀ jáde lọ ki wáyà ọkọ̀ bọ iná, nítorí ohun kan wà lára ẹ́ńjìnnì tí iná fi ń mú un gbóná mọ́jú. Bó bá gbàgbé, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á ki, bátìrì á kú, ọkọ̀ kò sì ní dáhùn láàárọ̀. Tó bá jí, aṣọ abẹ́, ṣòkòtò tó nípọn, kóòtù, fìlà, ìbọ̀wọ́ àti bàtà ni kó wọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí wọ́n bá wọ gbogbo rẹ̀ tán ni èyí tó kéré jù máa ní òun fẹ́ tọ̀! Ẹ má rẹ́rìn-ín jù, nítorí ìbọ̀wọ́ tí ọmọ bá sọnù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Nínú irú òtútù yẹn, ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kí ìka ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ó gbọ́dọ̀ ní bùláńkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ pẹ̀lú, bóyá ọkọ̀ lè dákú lójú ọ̀nà.

Níbo ni ọkọ wà? Ó lè wà nínú igbó fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ológun, tó ń sùn nínú àgọ́ lórí yìnyín. Ó sì lè wà lókè òkun. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọkọ ló wà nílé, tí ìyàwó jẹ́ sójà.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2006. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan láti Fort Wainwright, tí wọ́n ń pè ní 172nd Stryker Brigade, ti lo nǹkan bí ọdún kan ní Ìráàkì. Àwọn ará ilé wọn ti ń ka ọjọ́. Ní ìparí oṣù Keje, ìjọba kéde pé wọn yóò tún lò tó oṣù 4 sí i. Nǹkan bí 300 nínú wọn tilẹ̀ ti padà délé, tí wọ́n sì ní kí wọ́n tún lọ. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ìdílé débi pé Donald Rumsfeld, tó jẹ́ olórí iléeṣẹ́ ètò ààbò nígbà náà, fúnra rẹ̀ lọ sí Fairbanks lóṣù Kẹjọ láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó dùn wọ́n níbẹ̀ ju òtútù lọ: wọ́n bá wọn ṣe àdéhùn, àdéhùn náà yẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń ṣọ́ ilé lẹ́yìn sójà, iṣẹ́ ogun lòun náà ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ aṣọ rẹ̀, kò sì gba owó oṣù rẹ̀. Ìjọba tó rán ènìyàn lọ síbẹ̀ jẹ ẹ́ ní gbèsè òtítọ́ àti ìtọ́jú. Ní ọdún 2021, àwọn ọmọ ogun tó pa ara wọn ní Alaska ju 10 lọ. Ìgbà náà ni iléeṣẹ́ ológun tó fi kún àwọn olùdámọ̀ràn àti àlùfáà níbẹ̀, ní ọdún 2022. Ó dára, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ̀mí kọ́kọ́ sọnù kí ìrànlọ́wọ́ tó dé.

Àwa ńkọ́? Bí arábìnrin wa níbẹ̀ bá sọ fún yín pé oorun kò kun òun, pé ẹkún ń gbọ̀n òun láìnídìí, ẹ má sọ pé àìnígbàgbọ́ ni. Ẹ má sì yára sọ pé ayé ilé bàbá rẹ̀ ló ń bá a jà. Òkùnkùn ọ̀pọ̀ oṣù máa ń mú ọkàn ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì. Awọ dúdú tiwa sì nílò oòrùn púpọ̀ kí ara tó lè ṣe fítámínì D, èyí tí oòrùn ìgbà òtútù ibẹ̀ kò lè fún un. Ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì sọ fún un kó lọ rí dókítà. Àwọn méjèèjì kò takora.

Ẹ sì máa pè é, láìjẹ́ pé owó ni ẹ fẹ́ tọrọ. Aago 6 ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa jẹ́ aago 8 òwúrọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà òtútù. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ níbẹ̀, ohùn ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ yóò sì ṣe é láǹfààní púpọ̀.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù wà lẹ́wọ̀n, ó kọ̀wé sí Tímótì pé kó bá òun mú aṣọ òtútù tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì bọ̀. Kò fi mọ síbẹ̀. Ó tún bẹ̀ ẹ́ pé kí òun fúnra rẹ̀ sapá láti dé kí ìgbà òtútù tó wọlé. Àpọ́sítélì fẹ́ aṣọ, ó sì fẹ́ ènìyàn. Àwọn bàbá wa náà mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ènìyàn laṣọ mi. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́ láti jẹ́ aṣọ fún àwọn tiwa tó wà nínú òtútù.