Ohùn Pàràkòyí ní Èdè Àjèjì: Ẹgbẹ́ Oníṣòwò, Òfin Ìpínlẹ̀ àti Owó Kánsù

Nínú ètò ìlú àwọn Ẹ̀gbá àtijọ́, kì í ṣe ọba nìkan ni ó ń dá àkóso ṣe. Bí àwọn ògbóni ti ń dájọ́, tí àwọn ológun sì ń dáàbò bo ìlú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn pàràkòyí ń mójú tó òwò. Àwọn ni wọ́n ń parí aáwọ̀ láàrin oníṣòwò sí oníṣòwò, àwọn sì ni ẹnu ọjà nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ẹni tí ó bá ń wá ohun tí ó sún mọ́ pàràkòyí jù lọ ní òde òní, ẹgbẹ́ oníṣòwò àti oní-ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní àwọn ìlú ńláńlá ni yóò tọ́ka sí. Èyí tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ nínú wọn ní Nàìjíríà ni ti ìlú Èkó, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LCCI. Ọdún 1888 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì fi orúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ ní ọdún 1950. Iṣẹ́ pàràkòyí àti iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí kò jìnnà síra. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ èdè fiyè sí: èdè ọjà ni pàràkòyí fi ń sọ̀rọ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹgbẹ́ oníṣòwò fi ń kọ̀wé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ iṣẹ́ mìíràn mọ́ ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ ju ọjà-pàtẹ àgbáyé tí ó ń ṣe ní Èkó lọ. Iṣẹ́ tí ó wúwo jù ni ti gbígbẹnusọ níwájú ìjọba. Bí àbá òfin bá dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn yóò jókòó lé e lórí. Wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò ní abala kọ̀ọ̀kan, wọn yóò ṣírò ohun tí yóò ná wọn, wọn yóò sì kọ ìwé àbá. Ní ọjọ́ tí ilé bá jókòó láti gbọ́ tẹnu ará ìlú, aṣojú wọn yóò ka ìwé náà, yóò sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n máa ń ṣe àbẹ̀wò sí gómìnà àti àwọn kọmíṣọ́nnà, wọ́n máa ń sọ èrò wọn lórí ìṣúná ọdún, wọ́n sì máa ń pe àwọn oníròyìn jọ. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ kò fara sin. Bí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo bá dìde ta ko kọmíṣọ́nnà, ó lè di pé ilé-iṣẹ́ náà ni àwọn wolé-wolé yóò kọ́kọ́ yà sí ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ kò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọn yóò tì pa. Kò tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ aṣòfin sílẹ̀ ní ọdún 1922, wọ́n fún àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò ní àyè nínú rẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fún ìyálọ́jà ní ìjókòó kankan.

Èrè gbígbẹnusọ yìí kì í ṣe kékeré. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníṣòwò ń ké gbàjarè pé owó tí ìjọba àpapọ̀ ti gbà, ìpínlẹ̀ tún ń gbà á, kánsù náà sì tún ń nawọ́. Ní ọdún 1998, ìjọba ológun gbé òfin kan jáde, òfin kọkànlélógún ọdún náà, èyí tí ó pín owó gbígbà sí ọ̀nà mẹ́ta. Oríṣi owó 8 ni wọ́n kọ sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀, 11 sí abẹ́ ìpínlẹ̀, 20 sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin náà sọ pé àwọn aláṣẹ owó-orí nìkan ni ó gbọdọ̀ ṣírò owó tàbí gbà á, ó sì ka dídí ọ̀nà láti gba owó léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ ẹrù láti Ìbàdàn dé Èkó ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e yóò mọ̀ pé pákó onísó kò tíì kà nípa òfin náà.

Ibi tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ oníṣòwò ti ń já nìyẹn. Ìwé àbá ń dé Alausa, ṣùgbọ́n kò dé ẹnu ọ̀nà ọjà. Òfin tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì jà fún, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tí ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ alátà ń sọ Yorùbá, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Alátà kò lè fi ohun tí kò lè kà jiyàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo owó tí kánsù ń béèrè ni ó jẹ́ ìrẹ́jẹ. Àtẹ kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, ìwé-àṣẹ fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi kékeré àti ọmọlanke, títí dé owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ pé òfin orílẹ̀-èdè dárúkọ ọmọlanke. Ẹni tí ó ń ti ọmọlanke kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni èyí tí ó tọ́ kí òun san nínú oríṣi owó mẹ́ta tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun ní àárọ̀ kan.

Èdè ni ìdí abájọ náà, ó sì yẹ kí àwọn olùkọ́ èdè tẹ̀ lé e dé gbòǹgbò. Ní ẹnu àwọn ènìyàn ọjà, owó-orí ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí kò fara pamọ́: owó tí wọ́n bù lé orí ènìyàn kọ̀ọ̀kan ni. Owó ìsọ̀ kì í ṣe owó-orí. Ìsọ̀ ni ènìyàn ń san án fún, ẹni tí kò sì ní ìsọ̀ kò jẹ ẹ́. Owó ilé ń tẹ̀ lé ilé. Owó ibodè ń tẹ̀ lé ẹrù tí ó wọlé láti òkèèrè. Owó ìwé-àṣẹ jẹ́ ti ẹni tí ó fẹ́ ṣe ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe láìgba àyè. Ní ti owó ìtanràn, ẹni tí ó bá ṣẹ̀ nìkan ni ó kàn. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà nínú èdè Yorùbá, kò sí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí òṣìṣẹ́ kánsù bá pe ìtanràn ní owó-orí, ẹni tí kò ṣẹ̀ yóò san án. Nígbà tí alájà bá sì pe owó ìsọ̀ ní owó-orí, yóò rò pé òun ti san gbèsè òun fún ìjọba ìpínlẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá sì dé ni ìjà yóò bẹ́ sílẹ̀. Ìtumọ̀ tí kò péye ń mú owó kúrò lápò àwọn ènìyàn.

Ìtàn ti fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà. Ní ọdún 1940, ìjọba amúnisìn ní Èkó gbé òfin owó-orí jáde fún àwọn obìnrin tí owó tí ń wọlé fún wọn lọ́dún bá ju £50 lọ. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà, tí í ṣe ẹlẹ́ja ní ọjà Ẹ̀rẹ̀kọ̀, kò mọ ìwé kà. Inú ọjà ni ọ̀rọ̀ ti pọ́n, ní Yorùbá, kí àwọn tí ó mọ̀wé tó bá wọn kọ ọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Wọ́n rin ìrìn ìwọ́de ní oṣù December, ìjọba sì gbé òdiwọ̀n náà kúrò ní £50 lọ sí £200. Ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, olùkọ́, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ó kàwé. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣílẹ̀kùn fún àwọn obìnrin ọjà tí ó sì yí orúkọ padà ní ọdún 1946 ni agbára wọlé dé. Níwájú àwọn aláṣẹ òyìnbó, Yorùbá ni obìnrin tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa yìí yàn láti sọ, kí àwọn tí ó tẹ̀ lé e lè gbọ́ ohun tí ó ń sọ ní orúkọ wọn. Ìjà owó-orí náà le títí tí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù January 1949. Kò sí ẹgbẹ́ oníṣòwò kan tí ó tíì fi ìwé àbá mi ìlú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ oníṣòwò kì í ṣe alátà. Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n, wọ́n ń san owó ẹgbẹ́, wọ́n sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọṣẹ tí ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe, inú ìsọ̀ kékeré ni wọn yóò ti tà á, owó tí wọ́n gbà lọ́nà àìtọ́ lórí ọkọ̀ tí ó kó o yóò sì wọ iye owó rẹ̀. Àtakò tí ó lágbára jù wà ní ìhà kejì. Ẹgbẹ́ tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín owó kù máa ń gbàgbé láti sọ ibi tí owó yóò ti wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra láti di olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀, nítorí inú àpò ìjọba ìbílẹ̀ ni owó oṣù wọn ti ń wá. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ ní July 11, 2024 pé kí owó kánsù máa dé ọwọ́ kánsù tààrà, ṣùgbọ́n kánsù tí kò ní owó tirẹ̀ yóò máa retí ti Àbújá nígbà gbogbo. Nítorí náà ó tọ́ kí ẹgbẹ́ oníṣòwò máa sọ èyí tí ó yẹ kí àwọn ènìyàn san gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sọ èyí tí kò yẹ. Ẹnu tí ó ń sọ kìkì "ẹ má gbà á" kì í pẹ́ tí ìjọba fi ń dí etí sí i.

Òfin kò dí ọ̀nà Yorùbá. Abala 97 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láàyè láti lo èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, bí ilé bá fi ìpinnu fọwọ́ sí i. Àwọn aṣòfin Èkó ti fi Yorùbá jókòó, ìpínlẹ̀ náà sì fọwọ́ sí òfin ìtọ́jú èdè Yorùbá ní ọdún 2018. Ó yani lẹ́nu pé ilé tí ó lè fi Yorùbá jiyàn ń gba ìwé àbá lórí ọjà Yorùbá ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Bí ẹgbẹ́ oníṣòwò bá fi ẹ̀dà Yorùbá kún ìwé rẹ̀, àwọn ìyálọ́jà àti babalọ́jà yóò lè bá a jókòó ní ọjọ́ ìgbọ́rọ̀, yóò sì ṣòro fún aṣòfin láti sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó ni.

Ta ni yóò túmọ̀ rẹ̀? Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá ni. Ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ wà nínú ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́, ìtàn àròsọ ni ó sì máa ń wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń fún wọn túmọ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, ṣùgbọ́n òfin owó-orí tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù June 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026, sọ pé owó-orí kò sí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí ó yẹ kí ènìyàn san owó-orí lé lórí lọ́dún. Obìnrin tí ó ń ta ẹ̀fọ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, ó sì yẹ kí ó mọ̀ pé owó ìsọ̀ kò sí nínú ìdáríjì náà. Iṣẹ́ kíláàsì kan ni: kí ẹgbẹ́ oníṣòwò pèsè àkọsílẹ̀ owó tí ó bófin mu ní ìjọba ìbílẹ̀ kan, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí ó tọ́ fún oríṣi owó kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan ṣoṣo tí ìyálọ́jà lè lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Owó ọmọlanke yóò wà níbẹ̀. Ti pákó onísó kò ní sí.