Iṣẹ́ Díjéè Kọjá Ariwo

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan sọ ọ́ lójú mi pé, "Kí ni Díjéè mọ̀ ju kí ó tẹ bọ́tìnnì, kí ariwo gba àdúgbò kan?" Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí ó jẹ́ Díjéè, wà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó gbé wáyà rẹ̀, ó jáde. Èmi àbúrò rẹ̀ ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi mọ̀ pé Díjéè tó mọ iṣẹ́ ni kì í jẹ́ kí ètò ìgbéyàwó tú, àti pé àwa tí à ń bú u la sábà máa ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ọbaléndé ni a ń gbé. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé ariwo kò wọ́n wa. Láti ìdájí ni àwọn kọ́ńdọ́ ti ń pe èrò sí ọkọ̀ lábẹ́ afárá. Bí ó bá jẹ́ pé ariwo nìkan ni ìgbéyàwó ń fẹ́, kò sí ẹni tí yóò san kọ́bọ̀ fún Díjéè níbí. Kí wọ́n kàn ta kánópì sí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ni.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń bá ẹ̀gbọ́n mi ru spíkà, nítorí náà ohun tí mo fi ojú rí ni mò ń sọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó ti máa ń béèrè ṣáájú pé: ìlú wo ni ẹbí ìyàwó ti wá, ìlú wo ni ti ọkọ? Ṣé Mùsùlùmí ni wọ́n, àbí Kìrìsìtẹ́nì? Orin wo ni tọkọtaya fẹ́ jó wọlé, orin wo ni wọn kò fẹ́ gbọ́ rárá? Ó máa ń kó gbogbo orin náà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kì í gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń mú bátìrì tuntun dání fún máìkì. Ó máa ń tètè dé, kí ó lè yan ibi tí yóò ti máa rí ẹnu ọ̀nà. Ó ní Díjéè tí kò rí ẹnu ọ̀nà kò yàtọ̀ sí awakọ̀ tó dijú.

Nígbà tí ètò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Bí alága ìdúró bá ń kó ẹbí ọkọ wọlé, orin ń dún. Bí wọ́n bá dé iwájú ẹbí ìyàwó, orin ti rọlẹ̀ kí àwọn ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ohun tí alága ìjókòó ń sọ. Bí ìyàwó bá ń rìn díẹ̀díẹ̀ bọ̀ tí orin sì fẹ́ tán, ó máa ń fà á gùn lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò ní fura. Bí bàbá ìyàwó bá ń wúre, kò sí ohun tó gbọdọ̀ dún. Bí wọ́n bá pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí, bí ijó tilẹ̀ gbóná, ó máa ń pa orin títí wọn yóò fi pè é tán. Bí oúnjẹ bá sì pẹ́, orin Ebenezer Obey tàbí ti Sunny Adé ni yóò fi bẹ àwọn àgbà.

Ẹnikẹ́ni ló lè gbé ohùn spíkà sókè. Mélòó ló mọ ìgbà tó yẹ kí orin dákẹ́? Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Àwọn kan ní olórin gidi ló yẹ kí a pè, pé orin olórin ni Díjéè ń fi ṣe fàájì. N kò bá olórin jà. Láti ayé Túndé King, tó sọ jùjú di mímọ̀ ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, ni olórin òde àríyá ti ń wo ojú àwọn tó wà níwájú rẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí yóò kọ. Iṣẹ́ ojú yìí náà ni Díjéè ń ṣe. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973, ní Bronx ní New York, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, Kool Herc, fi orin sí níbi àríyá tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣètò. Ó ti ṣàkíyèsí pé ibi tó bá ku ìlù nìkan nínú orin ni àwọn èèyàn ti ń jó jù, ó sì wá ọgbọ́n tí ibẹ̀ yóò fi gùn sí i. Láti ibẹ̀ ni hip-hop, tí gbogbo ayé ń jó sí, ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì lásán nìyẹn?

Ní ọdún tó kọjá, a lọ síbi ìgbéyàwó kan nítòsí ilé wa. Aago mọ́kànlá ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Aago kan ti kọjá kí ìyàwó tó dé. Wọn kò fún ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé ètò. Ẹnu ọ̀nà ni ìyàwó ti fi orúkọ orin tó fẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ní àwọn yóò rọ epo sí kú nígbà tí wọ́n fẹ́ gé kéèkì. Gbogbo ojú yí sí Díjéè. Wọ́n ní ó ba òde àwọn jẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọn kò san owó rẹ̀ tó kù, wọn kò sì bu oúnjẹ fún un. Tebitebi la ru spíkà relé. Inú owó yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ san owó ìdánwò mi. Màmá wa ló lọ yá a lọ́dọ̀ alájọ.

N kò sọ pé gbogbo Díjéè ló dára. Àwọn kan ń gbé ohùn sókè títí ìyá àgbà yóò fi fi ọwọ́ di etí. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ pé ìpíndọ́gba ìró orin ní ibi àríyá kò gbọdọ̀ ju decibel 100 lọ. Àwọn mìíràn ń fi orin ìṣekúṣe sí lójú ọmọdé. Ẹ bá wọn wí. Ṣùgbọ́n a kì í torí awakọ̀ burúkú sọ pé ọkọ̀ wíwà kì í ṣe iṣẹ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin òbí, ẹ fún Díjéè ní ìwé ètò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹ yan ẹnìkan ṣoṣo tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe mọ̀lẹ́bí mẹ́wàá. Ẹ rọ epo. Ẹ bu oúnjẹ fún un. Ẹ san owó rẹ̀ kí ó tó tú wáyà. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ kan bá ní iṣẹ́ Díjéè ló wu òun, ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ kọ́ ọ bí a ti ń pa àkókò mọ́ àti bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, nítorí méjèèjì ni yóò lò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi yẹn ń ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Kejìlá. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ní kó wá fi orin sí, "nítorí ọmọ ilé ni". Ìyẹn ni pé lọ́fẹ̀ẹ́. Yóò lọ, ó mọ̀wọ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n èmi yóò kúnlẹ̀ níwájú wọn kí ọjọ́ náà tó pé, n ó sì béèrè pé: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé ètò ńkọ́? Epo ńkọ́? Owó bọ́tìnnì tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ tẹ̀ ńkọ́?"