Ètò ọjọ́ iwájú Àkúrẹ́ kò gbọdọ̀ yọ Ìjàrẹ́ sílẹ̀

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976, Àkúrẹ́ ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọ́ wá. Ní ọdún 1981, ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí a mọ̀ sí FUTA sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ náà dé. Ilé ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ oko ń dín kù, Àkúrẹ́ sì ń fẹ̀ lọ bá àwọn ìlú tó yí i ká. Ìjàrẹ́ wà lára wọn. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a mọ ohun tí ètò ọjọ́ iwájú ìlú jẹ́, àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Àwòrán ìlú ló ń fi ibi tí ọ̀nà yóò gbà hàn, àti ibi tí ilé gbígbé, ọjà àti ilé iṣẹ́ yóò wà. Ètò ọjọ́ iwájú ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀. Ó ń bèèrè pé: iṣẹ́ wo ni àwọn ará ìlú yóò máa ṣe jẹun ní ogún ọdún sí i? Irú ayé wo ni wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ wọn gbé? Ẹni tó ti dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ló mọ ohun tó yẹ kí ó yà sínú àwòrán.

Ìgbésẹ̀ ètò ọjọ́ iwájú jẹ́ mẹ́rin. Èkíní, kí a ka ohun tí a ní: ilẹ̀, odò, ọ̀nà, iṣẹ́ ọwọ́, ilé ẹ̀kọ́. Kí a sì ka ohun tí a kò ní. Èkejì, kí a yan ohun díẹ̀ tí a ó dojú kọ, nítorí owó kì í tó fún gbogbo rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a kọ orúkọ ẹni tí yóò ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ibi tí owó yóò ti wá, àti ìgbà tí yóò parí. Ẹ̀kẹrin, kí a máa wò ó lọ́dọọdún bóyá ó ń lọ déédéé, kí a sì tún ohun tó wọ́ ṣe.

Ìlú Barcelona ní Spéènì fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1990. Ìjọba ìlú nìkan kọ́ ló ṣe é. Ẹgbẹ́ oníṣòwò, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti yunifásítì bá wọn jókòó. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ajé àti ìgbé ayé tó dára fún ará ìlú pa pọ̀ sínú ètò kan náà.

Kí ló dé tí méjèèjì kò fi ṣe é yà? Ẹ wo Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi ya wọ ìlú náà. Ó pa èèyàn tó lé ní 100, ó wó afárá, ó sì ba ọjà àwọn oníṣòwò jẹ́. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí gbèsè 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ìdáàbòbò ìlú náà lọ́wọ́ omíyalé, àwòrán ètò tuntun fún Ìbàdàn sì wà lára iṣẹ́ tí owó náà ṣe. Ètò tó yẹ kó ṣáájú jàǹbá ló tẹ̀ lé e. Àkúrẹ́ náà ní odò Àlà láàárín ìlú, àwọn kan sì ti kọ́lé sún mọ́ ọn jù.

Ìjàrẹ́ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Ìgbàrá-Òkè. Àkúrẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n omi òjò kò mọ ààlà, iṣu àti ata tó ń lọ sí ọjà kò sì mọ̀ ọ́n. Bí a bá gé gbogbo oko Ìjàrẹ́ ta ní púlọ́ọ̀tì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àgbẹ̀ yóò gbowó, ọmọ rẹ̀ kò ní rí ilẹ̀ dá oko, oúnjẹ yóò sì wọ́n lọ́jà Àkúrẹ́. Ètò tó dára yóò sọ oko tí a kò gbọdọ̀ tà, yóò la gọ́tà kí ilé tó dé, yóò sì mú iṣẹ́ bíi ilé ìṣègaàrí àti ibi ìkó-kòkó-pamọ́ wá sí Ìjàrẹ́ fúnra rẹ̀. Àìkówọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ta ni yóò kó Àkúrẹ́ àti Ìjàrẹ́ jọ? Òfin ètò ìlú ti ọdún 1992 pín iṣẹ́ yìí láàárín ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2003, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú wà. Nítorí náà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pe àwọn ìjọba ìbílẹ̀ yìí sórí tábìlì kan náà, kí ó sì pe àwọn ọba, àgbẹ̀, ìyálọ́jà àti ọ̀dọ́ mọ́ wọn.

Ẹ̀yin ará Ìjàrẹ́, ẹ má dúró de ìgbà tí wọn yóò fi àwòrán tó ti parí hàn yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ fúnra yín: ẹ ka oko, odò àti ọ̀nà yín sínú ìwé, kí ẹ sì mú ìwé náà lọ bá ìjọba.